Ìgò Oògùn Ikọ́ Orí Kọ́bọ́ọ̀dù

"Ọwọ́ méjèèjì! Ọwọ́ méjèèjì ni mo ní kí o fi mú un, ìwọ Afọ́wo-má-sunkún! Bí ìgò yẹn bá fi já bọ́, ìwọ àti ẹrù rẹ lẹ máa jọ jáde nílé yìí!"

Bí Màámi ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi nìyẹn. Mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀. Orí àga ni mo wà, mò ń gbé oògùn ikọ́ wọn padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, torí orúnkún ò jẹ́ kí àwọn fúnra wọn gun àga mọ́. Àwo méjì péré ni mo fọ́ láti ọdún tó kọjá, àti ife kan, àti gíláàsì fìtílà. Ṣé ìyẹn náà tó ohun tí wọ́n ń fi sọ ọmọ lórúkọ?

Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí wọ́n fi ní kí n mú bírò, kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá. Màámi ò mọ̀wé, èmi ni ọwọ́ wọn. Inú ìwé àṣírí mi yìí ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, kí n tó dà á kọ sórí ìwé tó mọ́. Wọ́n ń ránṣọ lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ, ojú wọn le bí ilẹ̀ ẹ̀rùn:

Ọmọ mi àtàtà, Ìyá Ọ̀gá Kékeré,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé wọ́n ti bá ọ dí ibi tí òrùlé rẹ ti ń jò? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí wáyà iná ò ní í gbàgbé rẹ níbi tí o bá ti ń kọjá títì. Mo ti ṣe àmín tèmi, ṣe tìrẹ. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi, àbúrò rẹ àti ọmọ rẹ, wà láàyè nílé, àmọ́ inú ń bí mi, mi ò sì ní í fi pa mọ́ fún ọ.

Oògùn ikọ́ olómi tí dókítà kọ fún mi nígbà tí mo wá kí ọ, tí o tún fi ìgò kejì rẹ̀ rán awakọ̀ sí mi nígbà tí ti àkọ́kọ́ tán, o ṣeun, ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ. Ṣùgbọ́n ta ló kọ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò yẹn? Mo ní kí àbúrò rẹ kà á fún mi, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá mu ún ò gbọdọ̀ wa mọ́tò. Mọ́tò ta ni? Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kẹ̀kẹ́ lásán mi ò ní, wọ́n wá ń fòfin mọ́tò dè mí! Bí kì í bá ṣe pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣebí wọn ì bá kọ́kọ́ fi mọ́tò náà ránṣẹ́, kí wọ́n tó wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó tún kà á pé mi ò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ. Mo ní maṣíìnì tèmi kì í lo iná, ẹsẹ̀ ni mo fi ń wà á, kò sí lára èyí tí wọ́n ń wí.

Àwọn èèyàn yẹn sì lẹ́nu burúkú. Ẹnu wọn ló ṣẹ mọ́ mi lára. Lọ́jọ́ tí mo rán ẹ̀wù ọ̀gá ilé-ìwé, ojú mi ń wúwo díẹ̀díẹ̀. Mi ò sùn o, mo kàn ń ṣẹ́jú gígùn ni. Àfi ìgbà tí bàbá náà máa wọ ẹ̀wù níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ó ki ọwọ́ bọ apá ọ̀tún, ọwọ́ ò jáde. Mo ti rán ẹnu apá aṣọ pa, mo tún gán an mọ́ àpò. Wọ́n ní ńṣe ló dúró bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ ihò òkété tí òkété sì dì í mú. Ó dá ẹ̀wù padà fún mi, ó ní òun ò fẹ́ aṣọ tó ń gbé èèyàn dè. Abẹ́rẹ́ náà sì ti gba èékánná àtàǹpàkò mi kọjá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ta òwú fún mi ni mo lọ jà sí, òwú wo ló máa ń lọ síbi tí wọn ò rán an!

Ike kékeré tó dé orí ìgò náà, ẹ̀bùn ni mo pè é, bọ́tìnnì ni mo kó sínú rẹ̀, ó sì gbà á dáadáa. Àbúrò rẹ ní ike yẹn gan-an ni wọ́n fi ń wọn oògùn. Ṣé òròmọdìyẹ ni mí tí wọ́n á fi máa fi ìdérí bu omi fún mi? Ṣíbí ọbẹ̀ ni mò ń lò. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, mò ń mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láàárọ̀ kí n lè rójú gbọ́ ti oníbàárà. Mo sì ń fi hóró oògùn ọ̀fìnkìn lé e, kí wọ́n jọ ran ara wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọmọ rẹ. Ọ̀gá Kékeré ti ń wúkọ́ láti ìjẹta, ó ń wú u bí àgbàlagbà tó fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ nípàdé. Mo ní màá bù fún un nínú tèmi. Ni àbúrò rẹ bá fò sókè, ó ní wọ́n kọ ọ́ pé kí ọwọ́ ọmọdé má tó o, pé ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìlá ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Mo ní ọwọ́ ọmọ náà ò ní í tó o, ṣebí orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, ọwọ́ tèmi ni mo fẹ́ fi fún un. Èwo ló tún kù? Ẹni tó kọ ìwé yẹn, ọmọ mélòó ló tọ́? Lọ́la, bí agogo ìwọlé ilé-ìwé bá ti dún, màá fún un ní ṣíbí kan ṣoṣo, torí pé ó kéré, èmi náà kì í ṣe ìkà.

Àbúrò rẹ ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ báyìí torí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò ìṣirò. Ó ní gbogbo ìbéèrè lòun dáhùn. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé orí ọmọ mi pé.

(Ibí yìí ni bírò mi ti dúró. Màámi ní kí ló dé. Mo ní yíǹkì ò jáde dáadáa.)

Fi ìgò méjì sí i ránṣẹ́ sí mi, kí o sì fi owó díẹ̀ tì í lẹ́yìn, fún abẹ́rẹ́ tuntun àti aṣọ tí màá fi pa ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́nu mọ́. Kí o sọ fún apòògùn yẹn pé ìwé ìbínú ló ń kọ sára ìgò, kó yé é kọ ọ́ sí àgbà. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ á gbà ọ́, ohun tí o bá gùn ò ní í jù ọ́ nù. Èmi ìyá rẹ ni, ọwọ́ àbúrò rẹ ni mo yá.

Lẹ́tà wọn nìyẹn. Mo ti dà á kọ, mo tún padà sídìí ìwé mi. Inú ń bí Màámi, inú ń bí èmi náà, ó ń bí mi sí wọn, ó sì ń bí mi sí ara mi jù.

Torí pé mi ò dáhùn ìbéèrè kankan. Orúkọ mi ni mo kọ, mo kọ déètì. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò yẹn, Màámi bú mi gidi gan-an nítorí ife tó fọ́. Ọ̀fun sì ń yún mi. Bí wọ́n ṣe jáde, mo gun àga, mo mu ṣíbí méjì nínú oògùn wọn. Ṣíbí kìíní, torí ọ̀fun mi ni. Ìkejì, torí pé inú ń bí mi, ó sì dùn lẹ́nu. Mi ò tíì ka ìbéèrè kejì tán tí àwọn nọ́ńbà fi ń rìn lórí ìwé bí èèrà. Ẹsẹ̀ mi rọ bí òwú tí wọ́n rẹ sómi. Mo ní kí n gbé orí lé tábìlì díẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ gbọ̀n mí jí, wọ́n ti gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà làwọn ti pè mí, pé mímí mi falẹ̀ débi pé wọ́n fi ọwọ́ síbi imú mi wò bóyá èémí ṣì ń jáde.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Ọ̀gá Kékeré. Ó sùn lé mi lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án yìí, mo fi ọwọ́ wọn àyà rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi kan lọ.

Mo ti sọ fún Màámi pé oògùn yẹn lè kun ọmọ lóorun tí kò ní í rọrùn láti jí i. Wọ́n tẹjú mọ́ mi. Wọ́n ní báwo ni ìwọ ṣe mọ̀? Mo ní mo kà á ni. Wọ́n ní ìwé, ìwé, ìwé, pé ọjọ́ tí ìwé bá wo ikọ́ ọmọ sàn kí n pe àwọn. Bí mo bá sọ bí mo ṣe mọ̀, wọ́n á mọ̀ nípa ìdánwò, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi mí yangàn dé ojúde gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà dé eyín mi lẹ́ẹ̀mejì, ó padà sínú.

Nínú èyí tí mo dà kọ, mo fo ibi ìgò méjì. Mo fi tèmi sí ìsàlẹ̀, wínníwínní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn yẹn ránṣẹ́ mọ́. Ẹ bá wa bi apòògùn léèrè ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè lò fún ikọ́. Ẹ sọ fún un pé ṣíbí ọbẹ̀ ni Màámi fi ń mu tiwọn, pé wọ́n ń mu ti ọ̀fìnkìn mọ́ ọn. Ẹ tètè wá." Màámi gba ìwé náà, wọ́n fi àtàǹpàkò tí wọ́n fi àkísà dì nù ún, wọ́n ní mo ṣeun, lẹ́tà náà gùn dáadáa. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ni awakọ̀ tó ń gbé lẹ́tà máa lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sí ilé ìwòsàn wa, Ọjọ́bọ̀ ni tiẹ̀, màá pọn ọmọ náà lọ bá a, màá ní omi ni mò ń lọ pọn. Ọ̀la sì jẹ́ Ọjọ́rú. Agogo ilé-ìwé kì í dúró de ẹnì kankan.

Lọ́la, Màámi á jókòó sídìí maṣíìnì, wọ́n á ní kí n gbé ìgò wá. Màá kọ́kọ́ wọ bàtà fún Ọ̀gá Kékeré, èyí tó bo gbogbo ìka ẹsẹ̀, màá sì gbé e sórí ibùsùn, nítorí àfọ́kù. Lẹ́yìn náà ni màá gun àga. Wọ́n á pariwo. Bóyá wọ́n á nà mí. Mi ò ní í sunkún, orúkọ mi ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mi ò ní í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi ìwé yìí. Ọwọ́ kan ni màá fi mú un.