Abẹ́ Ẹsẹ̀ Ẹṣin Rọ́bà

Kàbà, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Ara ń fu mí sí ẹṣin rọ́bà yìí. Tóyìn ọmọ mi ní ọ̀rẹ́ òun kan ló fún òun, kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí kútẹ́ẹ̀sì lè mú un dáadáa, a wá kùn ún. Mo gé irun pupa rẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ rán òwú dúdú tí mo fi ń dirun sí i. Ó wù mí. Mo rò pé ó tán.

"Mọ́mì, ẹ bá mi kun abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ náà."

Abẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀? Ta ló ń wo ibẹ̀? Mo ṣá kùn ún, ó bo àmì kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀.

Àfi bí Ìyá Ẹ̀bùn, aládùúgbò wa, ṣe kí wa láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì: "Okun o!" Kíá, Tóyìn jókòó lé ẹṣin tí kò tíì gbẹ. Mo ní kí ló dé, ó ní kò sí. Mo sì gbọ́ tí Ẹ̀bùn ọmọ wọn ń sunkún lánàá pé nǹkan òun sọnù. Mi ò béèrè ohun tó sọnù.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Tóyìn gbé ẹṣin náà súnmọ́ iná, ó ń yí i wò, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Ẹ̀bùn gan-an ò lè dá a mọ̀ mọ́."

Mo ti fọwọ́ títí. Òórùn kútẹ́ẹ̀sì ò kúrò.