Eegun Méjì Ìdí Òjòlá

Ọmọ mi,

Nǹkan mẹ́ta ló bàjẹ́, èmi ni mo sì ba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́. Mo tú àpótí eegun ẹranko tí o gbé wálé láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yín nígbà ìsinmi. Mo da eegun méjì nù nínú rẹ̀. Mo sì fún òjòlá lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ mọ̀. Káfíńtà ẹ̀yìnkùlé wa mọ̀, òun ló fún mi ní gọ́ọ̀mù. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣíwájú, pé ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, àmọ́ ẹnu wo ni màá fi béèrè iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi dà rú?

Ìwé kan wà lára àpótí yẹn tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo ní àwọn olè ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe ìyá onílé. O sì mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ṣe ẹ̀kọ́ ìṣòwò oṣù mẹ́fà, ẹrù kì í sùn nílé mi láìkà. Mo to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, mo ń fi báírò sààmì sí fọ́ọ̀mù yín tó to orúkọ eegun inú àpótí. Ọ̀pọ̀lọ́, ó pé. Ẹyẹlé, ó pé. Ó kan òjòlá. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ejò ò lẹ́sẹ̀, àmọ́ fọ́ọ̀mù yín kọ ọ́ gbangba pé eegun ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, méjì, ọ̀gá yín sì fọwọ́ sí i. Ṣé èmi olóṣù mẹ́fà ni màá bá ẹni tó ka ìwé fún ogún ọdún jiyàn? Eegun méjì kan tí kò tó èékánná wà nídìí rẹ̀ lóòótọ́, mo ṣebí ti adìyẹ tí bàbá rẹ jẹ ló já bọ́ síbẹ̀, mo gbá a sí ààtàn. Ni mo bá se itan adìyẹ méjì, mo lẹ eegun wọn mọ́ ìdí òjòlá, kí wọ́n má baà ní ọmọ mi jí ẹsẹ̀ ejò.

Nígbà tí o pe bàbá rẹ, ẹ̀gbẹ́ fóònù ni mo wà. Mo gbọ́ tí o ń sọ bí gbogbo èèyàn ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí ọ̀gá yín ṣí aṣọ kúrò lórí ejò. Mo gbọ́ tí o ń ṣàlàyé pé àwọn baba ńlá ejò ti fẹsẹ̀ rìn rí, pé ara wọn ń gùn sí i, ẹsẹ̀ ń kéré sí i láti ìran dé ìran, títí ó fi ku eegun méjì yẹn. O ní àwa náà ní eegun kan nídìí, níbi tí ìrù wà tẹ́lẹ̀. Mo fọwọ́ kan tèmi, ojú tì mí. Bí ẹlòmíì bá ka èmi náà bí ẹrù, ààtàn ni ì bá gbá tèmi sí.

Èyí tó burú jù ni pé o ní bàbá àgbàlagbà tó ń bá yín fọ eegun ni wọ́n fura sí, wọ́n ti ní kó lọ jókòó sílé. Mo ṣẹ́jú sí bàbá rẹ pé kó pa fóònù, ká ní káàdì ló tán. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé.

Lánàá, mo kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹlẹ́yin jọ, asẹ́ márùn-ún, a jọ ààtàn látòkè délẹ̀. A rí ọ̀kan, òun ni mo fi òwú wé sínú páálí ìṣáná yìí. Èkejì, ó dà bíi pé adìyẹ ló gbé e mì. Adìyẹ ò sì léyín, iwe ló fi ń lọ nǹkan kúnná. A ti la iwe mẹ́rin, òkúta la bá níbẹ̀. Ó ku méje.

Má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí o ka lẹ́tà yìí fún ọ̀gá yín lójú bàbá afọ-eegun, má fo ìlà kan. Kí Olúwa má jẹ́ kí n kó ìtìjú bá ọ mọ́. Bí wọn ò bá tíì pè é padà sẹ́nu iṣẹ́ ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ àkọ́kọ́ òwúrọ̀ Sátidé ni màá wọ̀, màá sì kúnlẹ̀ fún ọ̀gá yín ní ọ́fíìsì yín lójú gbogbo wọn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.