Ìpè tí mo pe Ráfíù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́

Mo lọ wo Ráfíù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń fi alùpùpù gbé èrò, ní ọsibítù. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní Kútọnu wà níbẹ̀. Ó ní lókè òkun, àwọn ọkọ̀ kan ti ń fi ẹ̀rọ aláìlókùn kìlọ̀ ewu fún ara wọn kí wọ́n tó ríra, láìjẹ́ pé awakọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ráfíù ní, “Ti alùpùpù ńkọ́?”

“Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ní ọjọ́ Jímọ̀, kámíọ̀ akẹ́rù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lọ́nà Oko-Akarè. Mo mọ̀ pé Ráfíù ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀ nínú eruku tó ń ru sókè, ni mo bá pè é. Fóònù dún, dún, ó sì já.

Ráfíù ní, “Ibi tí mo ti ń yọ fóònù lápò ni kámíọ̀ yọ sí mi. Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń pè.”

“Èmi ni. Mo fẹ́ kí o yà kúrò lọ́nà ni.”

Ó wò mí títí, ó wá kọjú sí ògiri. Mo jókòó tì í títí wọ́n fi ní kí àlejò jáde.