Hítà Tí Kì Í Rú Èéfín

Ọjọ́rú, January 1984

Òtútù fẹ́ pa wá. Hítà gáàsì tí ọkọ mi gbé wọ basement yìí, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí à ń gbé, náà fẹ́ pa wá. Èwo ni kí n mú?

Kí n má purọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Àtìgbà tí furnace tó ń mú gbogbo ilé móoru ti bàjẹ́, òun nìkan ló ń mú yàrá móoru fún Táyọ̀, ọmọ wa. Ṣùgbọ́n landlord ní dandan ni ká ṣí fèrèsé díẹ̀, torí atẹ́gùn burúkú tó ń tú jáde lára hítà náà kì í rùn. Ká ṣí fèrèsé, nínú snow yìí!

Lónìí, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a pé ìyá ọkọ mi ti fi ìró dí fèrèsé náà pa.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, gáàsì ńkọ́?"

"Ṣé o rí èéfín ni? Èéfín kì í fara pamọ́. Wo bí ọmọ ṣe ń sùn dáadáa."

Mo gbọn Táyọ̀, kò jí. Mo gbé e sáré bọ́ sínú snow, ibẹ̀ ló ti figbe ta.

A ti ọsibítù dé. Wọ́n ní nǹkan kan kò ní í ṣe ọmọ náà. Mo ti pa hítà náà, ọwọ́ ọmọ sì ti ń tutù.

Táyọ̀ ń sunkún, Màmá ní kí n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Èmi ń bẹ ọmọ mi pé kó má dákẹ́.