Táyà Àga Màmá Tún Ti Padà

Ọkọ mi,

Mo ti bá ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ kọjá sí òdìkejì. Lánàá ni agbẹ́rù gbé táyà àga tí a fi ń ti Màmá kiri dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín níbẹ̀. Ó bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ra táyà?" Wọ́n ní, "Èmi kọ́ o! Mi ò ní mọ́tò, kí ni mo fẹ́ fi táyà ṣe?" Ó bá gbé e lọ.

Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ó ń bọ̀, wọ́n gbàgbé ni. Wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí, inú wọn ń dùn pé àwọn ti lé gbájúẹ̀ dànù. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó tà á kì í gbé ẹrù wá sí erékùṣù. Ó kọ́kọ́ gbowó ná kó tó sọ bẹ́ẹ̀, bí àwọn onífìríìjì ṣe ṣe wá. Mo fẹ́ lọ bá ẹrù náà ní ilé ìkẹ́rùsí kí wọ́n tó dá a padà.

Màmá ò tíì rí ìta láti ìgbà tí táyà ti bẹ́. Ẹ sún ibùsùn wọn mọ́ fèrèsé. Ẹ má sọ ibi tí mo lọ fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti wọ bàtà jókòó nítorí ìlérí wa.

Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹ̀gbọ́n yín láti bá wọn jà. Inú ń bí èmi náà, àmọ́ àdírẹ́sì wọn nìkan la ní ní òdìkejì.