Àga Màmá Lẹ́nu Ọ̀nà

Mérida

Ẹ̀gbọ́n mi Filiberto,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Èrò ń wọ́ wá sílùú wa, ayálégbé ti kún yàrá tí mo kọ́ sẹ́yìnkùlé.

Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Ọkọ̀ wọn ti gba iwájú ilé, níbi tí Màmá ń gbé àga sí nírọ̀lẹ́ láti gba atẹ́gùn. Mo ní kó máa jókòó sẹ́yìnkùlé.

Ó ní, "Ta ni n ó máa kí níbẹ̀, ògiri?"

Lánàá, Eduviges, ìyá òdìkejì ọ̀nà, dì mọ́ mi lọ́jà: "Ligia, o kú ará fẹ́ra kù o. Ìgbà wo lẹ sin Màmá tí ẹ ò pè wá?"

Ẹ bá mi gbàdúrà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn ọmọ yín sin yín láàyè.

Àbúrò yín,
Ligia