Egbò Ẹnu Mi àti Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, aránṣọ ni kí ẹ pè mí.

Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti kó wá sílé wa ni egbò ti ń yọ sí mi lẹ́nu. Mo fura pé ó ń fi nǹkan sí oúnjẹ mi. Mo lọ rí dókítà, ó ní, "Màdáámú, àìbalẹ̀ ọkàn ló ń gba agbára tí ara yín fi ń bá àìsàn jà."

Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, egbò náà san. Mo padà, mo ń dá oúnjẹ mi sè, síbẹ̀ ó tún yọ.

"Ìyàwó mi, kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?" ni ẹ̀gbọ́n ń bi mí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé dókítà ló jàre, àbí kí n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ omi tí mò ń mu?